Ojú Màmá Lára Páálí

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ ọ́ kiri Ìlaró pé èmi ni mo dí bàbá àwọn lọ́nà tí kò fi rí ìlú òyìnbó dé. Wọ́n sọ ọ́ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, lójú mi, bí ẹni pé etí arúgbó ti di. Etí mi kò di. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé àwọn àlùfáà ṣì ń ṣe àdúrà lọ́wọ́. Ní báyìí tí àdúrà ti parí, tí àánú mi náà sì ti ń tán lọ, mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú sí òótọ́.

Tíṣà ni mí. Ayétòrò ni mo ti ń kọ́ni nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé líle tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, dé, tí owó oṣù olùkọ́ di ohun tí à ń gbàdúrà fún bí òjò. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ṣì ń pè wá nígbà náà, kí wọ́n tó sọ wá di Yewa. Mo fi Màmá wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mufu, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ akọ̀wé ní pólì Ìlaró. Bí mo ṣe rìn dé Amsterdam ní ilẹ̀ Hóláǹdì kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rìn ín rí, kó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn èèyàn ni. Ní Ìlaró, bí o bá jáde láàárọ̀, kí o tó dé títì o ti kí ìyá yìí, o ti kí bàbá yẹn, wọ́n ti bi ọ́ léèrè oorun, wọ́n ti bi ọ́ léèrè ẹ̀fọ́rí tó ń dà ọ́ láàmú lánàá. Ní Amsterdam, mo lè ti ilé dé ibi iṣẹ́ kí n tún padà wálé láìjẹ́ pé ẹnu mi là. Nígbà mìíràn màá sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá mi kí n lè mọ̀ bóyá ohùn ṣì wà níbẹ̀. Ohùn wà níbẹ̀. Kò kàn sí ẹni tí yóò dá a lóhùn ni.

Lúsì, obìnrin ará Sùrìnámù tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o lè fọ ife?"

Mo ní, "Mo lè fọ ife, mo sì lè kọ́ ọ ní jọ́gíráfì."

"Ife nìkan ni wọ́n ń wá."

Ilé kọfí ni wọ́n kọ sára gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì ya ewé aláwọ̀ ewé kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wọlé, òórùn kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dúró gbagidi. Òórùn náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo ti lé ọmọkùnrin kan kúrò ní kíláàsì mi rí nítorí rẹ̀. Igbó ni wọ́n ń tà, lójú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú òṣùwọ̀n lórí káńtà àti orúkọ oríṣiríṣi tí wọ́n kọ sára pátákó. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá méjì wọlé. Mo sá sẹ́yìn ilé, mo ti ń ka Áyátúl Kursiyyu, nígbà tí Lúsì yọjú sí mi.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Kọfí ni wọ́n fẹ́. Èyí tó ga nínú wọn fẹ́ ṣúgà."

Bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Òfin kò gbà á, òfin kò sì mú ẹni tó ń tà á, bí onítọ̀hún kò bá ti pariwo. Àwọn àjèjì yòókù a máa ní àwọn kò lóye rẹ̀. Ó yé èmi. Láti Ìfọ́nyìntẹ̀dó títí dé Ìmẹ̀kọ, kò sí ọmọ ẹnu ibodè tí kò mọ̀ pé òfin a máa sùn, a sì máa jí láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì kọjá lónìí, àwọn aṣọ́bodè ní ẹ kú iṣẹ́. Ìrẹsì kan náà kọjá lọ́la, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èmi tí mo sá fún irú ayé bẹ́ẹ̀ ni mo tún bọ́ sínú rẹ̀, nínú òtútù.

Pítà ni orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Pítà ni gbogbo wa ń pè é, títí kan èmi, nítorí kò fẹ́ kí a pe òun ní ọ̀gá. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó gùn, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọge, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń tún ọ̀rọ̀ orí pátákó kọ pẹ̀lú ẹfun, ní irú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó sì dúró wò mí títí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kúrò nídìí ife. Mo di ẹni tó ń kọ pátákó, tó sì ń jókòó sí ìpàdé àràárọ̀ Mọ́ńdè.

Èèyàn mẹ́rin la máa ń wà níbẹ̀ kí a tó ṣí ṣọ́ọ̀bù: Pítà, Lúsì tó ń dúró nídìí káńtà, bàbá atẹ̀wé kan tí kì í yọ sìgá lẹ́nu, àti èmi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la máa ń sọ: òfin tí kò tíì dé. Àwọn kan ń sọ nígboro pé ìgbìmọ̀ ìlú yóò fòfin de àwòrán ewé àti ìpolówó gbogbo. Àwọn kan ní ńṣe ni wọ́n máa ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn mìíràn búra pé kò ní pẹ́ tí ìjọba yóò fi jẹ́ kí a máa tà á bí bíà, kí wọ́n lè máa gba owó orí lórí rẹ̀. Pítà gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn, mi ò ní fi dù ú.

Ó ní, "Bí wọ́n bá ní kí a yọ ewé kúrò lára gíláàsì, kí ni aráàlú yóò fi dá wa mọ̀? Bí wọ́n bá sì ṣí i sílẹ̀ pátápátá, àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá yóò dé pẹ̀lú agbára wọn. Ẹni tí ojú èèyàn ti mọ páálí rẹ̀ tipẹ́ nìkan ló máa dúró."

Lúsì ní, "Bí wọ́n bá wá ti gbogbo wa pa ńkọ́?"

"A ó kó igbó kúrò nínú páálí, a ó kó tíì sí i. Orúkọ kan náà, àwòrán kan náà."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, bí ayé bá parẹ́, wàá ta eérú rẹ̀."

Nítorí náà, ohun tó ń wá ni àwòrán tí kò ní sọ ohun tó wà nínú páálí, tó lè ta igbó lónìí kó sì ta bisikíìtì lọ́la. Ó ronú lé e fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó lu tábìlì, ó ní, "Ojú èèyàn. Ojú ìyá! Ta ló máa fòfin de ìyá?" Gbogbo wọn sì yíjú sí mi.

Mo ní, "Rárá."

"O kò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Mo ti gbọ́. Mo ní ìyá láyé, mo ní ìlú. Igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní ìlú mi. Ẹ̀wọ̀n ni, ìtìjú ìdílé sì ni."

"Ìlú rẹ jìnnà sí ibí."

"Ó jìnnà sí ìwọ. Èmi ibẹ̀ ni mò ń wà ní gbogbo ìgbà tí mo bá di ojú."

Mo ya àwòrán mìíràn fún un, ife kọfí kan tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ó wò ó, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì tún bẹ̀ mí mọ́. Mo rò pé ó ti gbà. Nígbà yẹn mi ò tíì mọ̀ pé ohùn tútù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọkàn tó ti gbà.

Ilé ni mo fi ń mí. Màá kọ lẹ́tà pé màá pè ní ọjọ́ báyìí báyìí, Màmá àti Ẹ̀gbọ́n Mufu á sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ìlaró, láàárín àwọn tó ń dúró de ọmọ tiwọn. Tí mo bá pè, gbogbo bẹ́ǹṣì ló máa ń kí mi. Lẹ́tà tiwọn sì ń gba ṣọ́ọ̀bù wá, nítorí pé mo ń kó kiri láti yàrá dé yàrá. Ẹ̀gbọ́n Mufu a máa kọ orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ní pólì sẹ́yìn àpò lẹ́tà gbàràgàdà. Ó fẹ́ràn kí wọ́n mọ òun.

Àwọn tó mọ ìlú wa á rántí kàlẹ́ńdà ọdọọdún tí ìgbìmọ̀ ìlú máa ń tẹ̀, tí fọ́tò àwọn èèyàn pàtàkì máa ń kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà inú àkàrà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wọ inú kàlẹ́ńdà ti di ẹni tí à ń fi àga fún. Àwọn mìíràn ti di ẹni ilẹ̀ tán, kàlẹ́ńdà wọn ṣì wà lára ògiri pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n Mufu ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí Màmá ti Mẹ́kà dé, òun ló mú un lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, òun ló sì rí i pé fọ́tò Màmá tóbi ju ti olórí àwọn oníṣòwò lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé ìkà nìkan ló wà nínú ohun tó ṣe. Mo ń gbìyànjú láti ṣòdodo.

Ní Mọ́ńdè kan, bàbá atẹ̀wé gbé àpẹẹrẹ páálí wá. Ó tú u sórí tábìlì. Mo mú ọ̀kan, Màmá mi sì ń wò mí.

Òun ni. Ìbòrí funfun, eyín wúrà tó fi sẹ́nu ní Mẹ́kà, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, aago ọwọ́ tó yí síta kí gbogbo ayé lè rí i. Wọ́n kọ "Mama" sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi ni wọ́n wò kọ ọ́, láti ara pátákó.

Pítà ní, "Mo rò pé inú rẹ á dùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi ránṣẹ́. Èèyàn dáadáa ni."

Ó ti wo àdírẹ́sì ẹ̀yìn lẹ́tà mi, ó ti kọ̀wé sí i. Ó ní oníṣòwò tíì ni òun, òun ń wá fọ́tò ìyá kan tó níyì, òun á sì kọ ìwé ìpè fún Ẹ̀gbọ́n kó wá wo Hóláǹdì. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ páálí náà jáde. Ó ń kánjú, nítorí wọ́n ń sọ pé bí òfin bá dé, àmì tó bá ti wà lọ́jà ṣáájú ni wọ́n máa gbà láyè.

Mo tẹ wáyà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé màá pè ní Sátidé. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ inú àpótí tẹlifóònù tó wà létí odò, mo pè.

"Tíṣà!" Ẹ̀gbọ́n Mufu ni. Ayọ̀ ń dún lóhùn rẹ̀. "Ṣé o ti rí i? Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé bí páálí bá dé, a ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà tọdún yìí. Màmá nínú kàlẹ́ńdà, Màmá lára tíì òyìnbó!"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe tíì."

"Kí ni, kòkó?"

"Igbó ni, Ẹ̀gbọ́n. Igbó mímu."

 Mo ń dúró kó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti kọjú sí ògiri.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

"Yàtọ̀ sí ìwọ. Ta ló máa gbé páálí láti ibẹ̀ wá sí Ìlaró? Gbọ́, àbúrò mi. Ọkùnrin yẹn ti ṣèlérí ìwé ìpè fún mi. Ìwọ ti jẹun yó, má wá da omi sí iná tí èmi fẹ́ fi se tèmi."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti mọ̀ pé igbó ni nígbà tó sọ ọ́.

Mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn rẹ̀. "Mufu, gbé e wá."

"Màmá, ẹ kú ilé."

"Kí lẹ̀ ń bá ara yín jà sí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ̀rọ̀ bí olè?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mi ò fi ohunkóhun bò. Aṣọ ni Màmá ń tà láti Ìlaró dé Ìfọ́nyìntẹ̀dó ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìbéèrè oníṣòwò ló sì bi mí.

"Páálí náà, ṣé wọ́n máa ń gbé e pamọ́ sílé ni, àbí wọ́n máa ń sọ ọ́ nù?"

"Wọ́n máa ń sọ ọ́ nù, Màmá. Tí wọ́n bá ti mu ohun inú rẹ̀ tán, ojú títì ni."

"Òjò á máa pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́."

Mo tún sọ ẹyọ owó sínú àpótí.

Ó ní, "Mo gbé ojú yìí dé Mẹ́kà, mo fi kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Mi ò fi lélẹ̀ fún bàtà. Lọ gba ojú mi wá."

"Màmá, wọ́n lè lé mi níbi iṣẹ́."

"Mo gbọ́. Lọ gba ojú mi wá."

Ẹ̀bẹ̀ kò lè ràn mí lọ́wọ́ lọ́dọ̀ Pítà. Mo ti mọ̀ ọ́n tó. Ọ̀rọ̀ ìyá kò lè dẹ́rù bà á, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀rù láyé yìí ni òfin tí kò tíì dé. Nítorí náà, nígbà tí Mọ́ńdè pé, mi ò sunkún, mi ò pariwo. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo gbé páálí kan sáàárín tábìlì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe bí a ṣe máa ń ṣe. Ká ní òfin líle dé. Kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè? Wọ́n á ní, ojú ta nìyí?"

Pítà ní, "Ìyá kan ní Áfíríkà ni."

"Áfíríkà tóbi. Wọ́n á bi èmi tí ojú mi jọ tirẹ̀, èmi kì í sì í parọ́ fún ọlọ́pàá. Màá ní oníṣòwò ni, ní ẹnu ibodè Nàìjíríà, níbi tí ẹrù ti ń kọjá tọ̀sán-tòru láìsí ìwé. Màá ní ẹ̀gbọ́n mi àti ìwọ máa ń kọ̀wé síra yín. Kí lo rò pé wọ́n á ní ó ń fi ránṣẹ́ sí ọ?"

Bàbá atẹ̀wé yọ sìgá lẹ́nu. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: òfin ibẹ̀ a máa di ojú sí ẹni tó ń ta díẹ̀díẹ̀ lórí káńtà, ṣùgbọ́n kì í di ojú sí ẹni tó ń kó o wọlé láti òkè òkun.

Mo ní, "Ká wá ní òfin rọ̀. O ti di ilé-iṣẹ́ ńlá, páálí yìí ti wà káàkiri. Ẹni tó ni ojú ṣì wà láàyè, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀wé. Á wá béèrè ojú rẹ̀ ní kóòtù."

Lúsì bú sẹ́rìn-ín. "Pítà, ó dí ọ níwájú, ó dí ọ lẹ́yìn."

Mo ní, "Ìwọ náà ní ìyá, ó wà lábúlé, o máa ń lọ kí i. Kí ló dé tí o kò fi tirẹ̀ sí i?"

Ojú Pítà pọ́n títí dé etí. Ó wo ilẹ̀.

"Ìyá mi rò pé kọfí ni mò ń tà."

 Bàbá atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí rẹ̀ padà sínú àpò. Pítà wọ yàrá rẹ̀, ó mú fọ́tò náà jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi. Ní ìparí oṣù, ó fi ohùn tútù rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ń tún ètò ṣe, kò sì sí àyè fún mi nínú rẹ̀ mọ́. Páálí rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Ife kọfí tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ife tí mo yà ni. Nígbà tó yá tí ìlú fòfin de ìpolówó igbó, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ń fọ ewé kúrò lára gíláàsì wọn, ife tèmi dúró síbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè fòfin de ife. Pítà ń jẹ èrè rẹ̀ títí dòní. Kò dárúkọ mi rí.

Lónìí mo ń rí àwọn ilé-iṣẹ́ igbó ńláńlá tí wọ́n wọ súùtù wọ táì, tí wọ́n ń jókòó pẹ̀lú lọ́yà, tí wọ́n ń ya àwòrán tí yóò bá òfin ọ̀tunla mu. Mo máa ń wo ojú tó wà lára ọjà wọn, màá sì béèrè lọ́kàn mi pé ọmọ ta nìyí. Èèyàn máa ń rò pé ibi tí à ń gbé ni à ń jẹ́ tirẹ̀. Èmi rò pé ibi tí ojú rẹ kò ti gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ ni ilé rẹ. Mo ti lo ọdún tó pọ̀ ní Hóláǹdì ju èyí tí mo lò nílé lọ. Bí wọ́n bá tẹ fọ́tò mi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kò ní dùn mí. Ìlaró ni yóò ti dùn mí.

Ìwé ìpè Ẹ̀gbọ́n Mufu kò dé. Ó sọ fún gbogbo ìlú pé ìlara ni mo ṣe. Kò mú Màmá wá síbi tẹlifóònù mọ́. Mo ń pè, àwọn orí bẹ́ǹṣì a máa ní àwọn kò rí wọn. Mo rí iṣẹ́ mìíràn, mo ń kọ lẹ́tà, èsì kò dé. Ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tún pè, ohùn tó dáhùn sì ni ti Màmá. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn orí bẹ́ǹṣì pé mo ń pè, ó sì ti dá wá fúnra rẹ̀.

"Ṣé o gba ojú mi?"

"Mo gbà á, Màmá. Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ọlọ́run á gba ojú tìrẹ náà lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣé wọ́n lé ọ?"

"Wọ́n lé mi."

"Iṣẹ́ wo lo wá ń ṣe?"

Obìnrin tó ru aṣọ lórí kí n lè di tíṣà ló ń bi mí. 

"Mo ń fọ ilẹ̀ ní ọsibítù, Màmá."

"Ilẹ̀ ọsibítù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé mo lè sọ ọ́ fún èèyàn?"

"Ẹ lè sọ ọ́, Màmá."

"Dúró."

Ó gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu. Mo gbọ́ tó yí padà sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tó fi ohùn tó fi ń polówó aṣọ pè wọ́n.

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi ń fọ ilẹ̀ ọsibítù nílùú òyìnbó!"

Ọkùnrin kan ní, "Máṣáálà!" Obìnrin kan ní kí Ọlọ́run fún mi lókun. Ẹlòmíràn ń béèrè pé ọmọ wo ni, Màmá sì dá a lóhùn, ó dárúkọ mi, ó tún un pè. Mo di ẹ̀rọ mú mọ́ etí títí ìlà fi já.